Kí Ẹ Tó San Owó Ìgbàwọlé: Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìwà Ẹ̀dá

Bí JAMB bá ti gbé èsì ìdánwò jáde, ṣọ́ọ̀bù kafé kì í ṣófo mọ́ ní Ìkirè àti Àpòmù. Ọmọ Ìkòyí tiwa ní Ọ̀ṣun náà a gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìyá tàbí bàbá a tẹ̀ lé e, torí owó ló fẹ́ jáde lápò. Ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ ni ọmọ tó mú Òfin tàbí Ìṣègùn, tí máàkì rẹ̀ kò gbé e débẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé yunifásítì ti fún un ní Sáìkọ́lọ́jì, tàbí Sosiọ́lọ́jì, tàbí Sóṣà Wọ́ọ̀kì, pẹ̀lú òbí rẹ̀ tó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun ṣáà ti wọlé. Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, tó ń sọ pé òun fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò tíì bi ẹnikẹ́ni pé irú ìrànlọ́wọ́ wo ni, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, ta ni yóò sì gbà pé òun tó ẹni tó ń ṣe é.

Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS fún ìgbàwọlé. Lórí ètò yìí, yunifásítì tí kò rí àyè fún ọmọ nínú ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ yàn lè gbé ẹ̀kọ́ mìíràn síwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi tipátipá gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wọlé, tí yóò kà á, tí yóò gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Bí ìlànà ṣe wí nìyẹn. Ohun tí ojú ń rí ní kafé yàtọ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ní gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ọmọ lọ́wọ́, òun ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ìyá ọmọ tó béèrè pé, “Kí ni wọ́n ń pè ní Sosiọ́lọ́jì ná?” Ọdún mẹ́rin nínú ayé ọmọ ti bá títẹ̀ yẹn lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gba ohunkóhun lórí CAPS lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà relé, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ bi í.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀kọ́ ìwà ẹ̀dá kì í ṣe ẹ̀kọ́ aláìmọ̀ọ́ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí àgbáyé ti wá kọ́gbọ́n nípa rẹ̀. Ní 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Dípò kí wọ́n máa ti alárùn ọpọlọ mọ́lé, wọ́n ń wá ilé fún un láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí rẹ̀ kan a bá a débẹ̀, a máa se oúnjẹ fún un, aláìsàn náà a lọ gba ìtọ́jú, a sì padà sáàárín èèyàn. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ayé ìgbà náà kà sí àbùkù. Nígbà tó di 1963, òun àti Alexander Leighton ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwé jáde lórí àìsàn ọkàn láàárín Yorùbá. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì lọ ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Mo dárúkọ Lambo torí pé àpẹẹrẹ rẹ̀ ló máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Dókítà ni Lambo. Ìṣègùn ló kọ́kọ́ kọ́ kí ó tó yà sídìí ọpọlọ. Ọmọ tó bá fẹ́ di irú dókítà bẹ́ẹ̀ lónìí, ìṣègùn ọdún mẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ kà, ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn tàbí ibòmíràn, kí ó tó lọ lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i nílé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí dókítà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ, tí yóò sì jókòó ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣègùn. Dókítà ló lè kọ oògùn fún aláìsàn. Ẹni tó kọ́ Sáìkọ́lọ́jì kò lè kọ oògùn, ìbáà gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn òbí kan ti ń pe ọmọ wọn ní “dókítà wèrè” láti ọdún kìíní ní yunifásítì. Ẹ yé pè é bẹ́ẹ̀. Inú ọmọ a máa dùn sí i, yóò sì jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó mọ ibi tó wà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó gba B.Sc. nínú Sáìkọ́lọ́jì kò tíì di ẹni tó lè máa tọ́jú ọkàn aláìsàn nílé ìwòsàn. Ọdún mẹ́rin yẹn kàn jẹ́ ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò lọ gba másítà nínú ẹ̀ka tó jẹ mọ́ ìtọ́jú aláìsàn, tí yóò sì lo àsìkò lábẹ́ ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó lè gbé aláìsàn lé e lọ́wọ́. Owó másítà yìí, bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá òbí ló ti rò ó mọ́ iye tí yóò ná wọn. Mo fi ojú ìwọ̀n sọ ọ́ ni o, n kò kà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ẹ̀yin ńkọ́?

Sosiọ́lọ́jì tún yàtọ̀. Bí àwùjọ ṣe ń rìn ló ń kọ́ni: ìdílé, ẹ̀sìn, ìwà ọ̀daràn, òṣì àti ọrọ̀, ìlú ńlá àti ìgbèríko. Ó ń kọ́ni láti ṣe ìwádìí, kí a béèrè ìbéèrè tó tọ́, kí a sì mọ bí a ṣe ń ka ìdáhùn. Kò kọ́ni bí a ṣe ń jókòó ti obìnrin tí ọkọ lù dé ojú ikú, kí a sì mọ ohun tí a óò ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Sóṣà Wọ́ọ̀kì ló ń kọ́ni ní ìyẹn. Òun ló ní ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ nínú, níbi tí wọ́n ti ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kóòtù, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tàbí ọ́fíìsì wẹ́fíà, tí àgbà òṣìṣẹ́ kan a sì máa ṣọ́ ọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, abẹ́ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Olùkọ́ni ni Sóṣà Wọ́ọ̀kì wà, èyí sì ti jẹ́ kí bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò rán an ní iṣẹ́ tíṣà. Kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ibi tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sí lásán nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀ka olùkọ́ni tòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èyí ló súnmọ́ ọn jù, yóò sì ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1993. Ọmọ tó bá gba B.Sc. Sáìkọ́lọ́jì, tó wá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, yóò rí i pé wọ́n á ní kó lọ gba PGDE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, kí ó tó padà wá.

Bí ẹ bá tún wá lọ ń wá ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ Behavioural Sciences sí lórí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń rí i lórí fóònù pé ó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ óò rí ẹ̀ka tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ má sáré. Inú ẹ̀ka ìṣègùn ló wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ di dókítà ti ń kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Kò sí ọmọ tó lè ti SS3 wọlé síbẹ̀ lọ gba oyè tirẹ̀. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó sábẹ́ orúkọ kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yunifásítì wa pín in.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ ibi tó súnmọ́ ilé. Ìkòyí wà láàárín Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní ọ̀tún, ó wà ní òsì. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè ló súnmọ́ jù, ọ̀pọ̀ òbí sì ń rò pé ohun gbogbo ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pé ọmọ lè máa ti ilé lọ, kó máa jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 2006, ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí. Ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà ni wọ́n gbé sí Ìkirè. Ti ìmọ̀ àwùjọ àti ìṣàkóso, Òkúkù ni wọ́n gbé e lọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti ṣètò owó ọkọ̀ Ìkirè lè bá ara rẹ̀ níbi tó ti nílò ilé háyà àti sítóòfù. Ẹ béèrè ọgbà tí ẹ̀kọ́ náà wà lónìí kí ẹ tó ṣírò owó.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan ló kù kí n kúrò níbẹ̀ yẹn. Ọmọ tó sá kúrò ní sáyẹ́ǹsì nítorí Mátíìsì, tó wá sá wọ Sáìkọ́lọ́jì, inú ìṣirò ló sá sí. Ẹ̀kọ́ ìwà ẹ̀dá kún fún ìṣirò tó ń wọn nǹkan: a bi èèyàn igba ní ìbéèrè, a fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ ní ìtumọ̀ tàbí ó kàn ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣe é yóò san owó fún ẹlòmíràn kó bá a ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, yóò sì jáde láìmọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó gbé orúkọ òun.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ rèé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó èèyàn 259 jáde ní ibi kan ní agbègbè Òjòó n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní ibi àtúnṣe ìwà. Kì í ṣe ajínigbé ló kó wọn lọ síbẹ̀. Ẹbí wọn ló mú púpọ̀ nínú wọn lọ, torí pé ọmọ ń mu igbó, tàbí orí rẹ̀ kò pé mọ́, tàbí apá òbí kò ká a. Ní oṣù kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi 28 tí wọ́n ti ṣàbẹ̀wò sí ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n bá èèyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, nílé onísìn, nílé oníṣègùn ìbílẹ̀, kódà nínú ọgbà ìjọba. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n á sọ pé wọ́n fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́ ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ lọ́kàn wọn. Ìdí rèé tí àyà mi fi máa ń já bí ọmọ bá sọ fún mi pé ìfẹ́ láti ṣèrànwọ́ nìkan ló gbé òun dé ìdí ẹ̀kọ́ yìí.

Ìjàǹbá kékeré tún wà tí kò ní gbé ọlọ́pàá wá. Ìkòyí kì í ṣe Èkó. Ẹni tó bá wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án, àdúgbò ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọbìnrin kan lè lọ bá ẹni tó gbọ́ pé ó kọ́ Sáìkọ́lọ́jì, kó sọ ohun tí ìbátan rẹ̀ ń ṣe sí i lóru. Ẹni yẹn, tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́ àti ìgbà tí òfin ní kí a sọ ọ́ àti ẹni tí a óò sọ ọ́ fún, lè gbé e lọ bá pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù kí wọ́n bá a gbàdúrà sí i. Pásítọ̀ náà a pe bàbá. Bàbá a pe ẹbí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ náà ni gbogbo ilé ń bá wí pé ó fẹ́ ba orúkọ ìdílé jẹ́, ẹni tó ń ṣe é sí i ṣì wà nínú ilé kan náà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, Ọ̀ṣun náà sì ti sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀. Ó sọ ibi tó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò mọ̀.

Tàbí ẹ wo ti ẹni tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa kọ ọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ lè sáré lọ bá ọlọ́pàá kó tó lọ bá dókítà, kó sì rò pé òun ti ṣe rere. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n fi rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tó ti wà látìgbà àwọn amúnisìn, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ Sáìkọ́lọ́jì tàbí Sóṣà Wọ́ọ̀kì lónìí tí kò tíì ka òfin yẹn, kí ó lọ kà á. Bí olùkọ́ rẹ̀ kò bá dárúkọ rẹ̀ fún un, kí ó béèrè ìdí.

Iṣẹ́ sóṣà wọ́ọ̀kà fúnra rẹ̀, òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a ni. Òpin ọdún 2022 ni òfin tó dá ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún un di òfin. Títí di ìgbà náà, agbẹjọ́rò ní tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, tíṣà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ló ń pe ara rẹ̀ ní sóṣà wọ́ọ̀kà. Ìgbìmọ̀ tó wà láti máa forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kò ní gba gbogbo ìwé ẹ̀rí bákan náà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ọmọ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì ni pé: ṣé NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì, ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí gan-an ní ọgbà yìí gan-an? Wọ́n lè fọwọ́ sí yunifásítì kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí ẹ̀ka tuntun inú rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ àwọn ajẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn wá ìwé ẹ̀rí. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan sọ bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí dìgírì láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjókòó nínú kíláàsì, tí NYSC sì tún gbà á wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé lóòótọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gidi lọ́hùn-ún ló bá a fara gbá. Ajẹ́ǹtì ṣì wà, ó kàn yí orúkọ ìlú padà ni. Ẹ̀kọ́ ìwà ẹ̀dá sì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa tà, torí kò nílò yàrá ìwádìí, kò nílò òkú tí a ó là, èèyàn á sì rò pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ẹni tó gbà á kọ́ ọ tàbí kò kọ́ ọ. Aláìsàn tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀.

Àwọn tó ní ìlú òyìnbó lọ́kàn, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ní England, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní social worker bí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, àjọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2019. Ẹni tó ní B.Sc. Sáìkọ́lọ́jì tàbí Sosiọ́lọ́jì láti Nàìjíríà kò lè fi í forúkọ síbẹ̀. Àwọn sáìkọ́lọ́jísìtì tó ń tọ́jú aláìsàn, HCPC ló ṣì ń forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ̀kọ́ gíga lórí ẹ̀kọ́ gíga ló sì ń béèrè. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tiwa lọ ṣe láti ọdún 2022 síwájú, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sílé, iṣẹ́ care worker ni, ìtọ́jú arúgbó: wíwẹ̀ fún un, fífún un lóúnjẹ, yíyí aṣọ ibùsùn rẹ̀ padà. Iṣẹ́ ọlá ni. Ṣùgbọ́n kò nílò dìgírì, kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú social worker, bí ajẹ́ǹtì tilẹ̀ ń pa méjèèjì pọ̀ lẹ́nu. Ọ̀nà yẹn pàápàá ti há. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024 ni wọn kò ti gba care worker láyè mọ́ láti kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba òṣìṣẹ́ tuntun láti òkè òkun fún iṣẹ́ náà. Ẹni tó gba ọ̀nà másítà lọ kò lè kó ẹbí dání mọ́ láti oṣù Kìíní 2024, àyàfi bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ìwádìí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní láísẹ́ńsì tirẹ̀, másítà nínú Sóṣà Wọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè kí ẹnikẹ́ni tó lè máa tọ́jú ọkàn aláìsàn láìsí ọ̀gá lórí rẹ̀. Bàbá tó bá fẹ́ ta oko kòkó nítorí ìrìn àjò yìí, kí ó kọ́kọ́ ka òfin ibi tí ọmọ ń lọ.

Níbí ńkọ́? Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí àwọn ọmọ ti ń wá a. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àpòmù, ní ẹ̀ka wẹ́fíà bíi ti ìjọba ìbílẹ̀ yòókù, àmọ́ àyè kì í sábà ṣí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ifẹ̀ àti UCH n'Ìbàdàn ní sóṣà wọ́ọ̀kà tirẹ̀. Ẹni tó ti gbé aláìsàn débẹ̀ rí tí owó sì tán lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rántí ẹni tí wọ́n ní kó lọ rí. Òfin iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ ilé ẹ̀wọ̀n di ibi àtúnṣe, ó sì dá ìjìyà tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, bí iṣẹ́ ìlú àti ìtúsílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́. Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn bí kì í bá ṣe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí? NDLEA nílò wọn fún àwọn tí oògùn olóró ti gbà lọ́kàn. NAPTIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, nílò wọn fún àwọn tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó èèyàn tà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní agbègbè yìí: ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, sọ bí wọ́n ṣe ń jí ará Ọ̀yọ́ gbé tà ní ọjà Àpòmù, tí ọ̀rọ̀ ọjà náà sì wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Kò sí wẹ́fíà kankan láyé ọjọ́un tí ẹni tí wọ́n tà yóò ké sí.

Lórí owó, ẹ má lọ yá owó èlé. NELFUND, ètò ẹ̀yáwó ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ ní oṣù Karùn-ún 2024. Kò ní èlé, ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni wọ́n sì ń retí kí ẹni tó bá ti ríṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí san án padà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín gbà á, kí ẹ kọ́kọ́ fún òun ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan, ẹ lé e jáde.

Ọjọ́ orí náà tọ́ kí òbí rò ó. Ọdún 16 ni ìjọba ní ọmọ ti lè wọ yunifásítì, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di 18. N kò rò pé ó burú fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọmọ 16 tí yóò pé 19 tàbí 20 nígbà tí wọ́n bá rán an lọ jókòó ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lo ọdún kan nílé. Kó lọ ran ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà, kó wo bí wọ́n ṣe ń parí ìjà nílé, kó mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i.

Ìwọ tó ti wà nínú rẹ̀, tó ti wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí já ọ láyà. Ohun tó kù fún ọ kò ju pé kí o mọ ibi tó ń lọ. Lọ bá olórí ẹ̀ka rẹ, kí o bi í pé ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ tí o ní lọ́kàn, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó másítà bí ó bá jẹ́ pé másítà ni. Ní ìsinmi ọdún, má jókòó sílé. Lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní Àpòmù, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o wá ṣe IT, ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, níbẹ̀. Mú lẹ́tà ẹ̀ka rẹ dání. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o wọlé láìsí lẹ́tà, tí wọ́n sì jẹ́ kí o jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ lọ́jọ́ kìíní, dìde níbẹ̀, kí o lọ wá ibòmíràn.